Mo dá àwọn ẹnjiníà obìnrin wa sí lóru, wọ́n wá fi ẹjọ́ mi sun HR

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mò ń darí ẹ̀ka tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike lọ́nà Ṣágámù. Ẹnjiníà mọ́kànlá la ní, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ obìnrin. Láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, mi ò fi ìkankan nínú àwọn mẹ́ta yìí sí ṣíìfù òru rí. Títì ibẹ̀ kò dára, ọkọ̀ kì í sí lóru, méjì nínú wọn sì ní ọmọ kékeré. Bí ẹ̀rọ bá takú lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọkùnrin ni mò ń pè. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé èèyàn méjì ga lẹ́ka wa, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó dé, kọ̀wé sí HR, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pé mo fi ẹ̀tọ́ òun du òun. Ó dùn mí púpọ̀. Ṣé ẹni tó ń ṣàánú èèyàn ló yẹ kí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣẹ̀?

* * *

Ọ̀gá mi, ẹ kú ìrọ́jú. Inú rere lẹ fi ṣe é, ẹnikẹ́ni tó bá ka ọ̀rọ̀ yín á mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan: àwọn ọkùnrin méjì tó gòkè yẹn, kí ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù wọn?

Mi ò mọ ilé-iṣẹ́ yín, síbẹ̀ mo lè sọ ọ́. Wọ́n á ti kọ ọ́ pé àwọn làwọn jí bọ́ìlà, ẹ̀rọ tó ń se omi, lóru ọjọ́ báyìí tí iṣẹ́ ìbá dúró. Wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn làwọn wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ńlá, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, takú, pé àwọn làwọn kó ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn nígbà tí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ lópin ọdún láti tú wọn palẹ̀. Kí wá ni obìnrin yẹn rí kọ? Ó ṣe àyẹ̀wò ọ̀sán, ó kọ ìròyìn, ó bá àwọn tó ń ta páàtì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò ní ká fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀gá àgbà bá jókòó láti yan ẹni tó máa gòkè, ẹni tó gbà wọ́n lóru ni orúkọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu.

Kò tán síbẹ̀. Iṣẹ́ òru fúnra rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́sàn-án, bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, èèyàn mẹ́fà ló máa yí i ká, ọ̀gá á pàṣẹ, ìwọ á na irinṣẹ́ sí wọn. Lóru, ìwọ àti tẹkiníṣíànì kan ṣoṣo ni. Kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa bi. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu bóyá kẹ́ ẹ pa á tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré lẹ́nu iṣẹ́, àgbà tẹkiníṣíànì kan tú bíárìn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, òrùka irin oníbọ́ọ̀lù tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, jáde níwájú mi lóru, ó ní kí n fi èékánná tọ ojú ọ̀nà tí àwọn bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń gbà yí. Ojú ò fi bẹ́ẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n èékánná mi ń há sínú ihò tíntìntín tó ti dá síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá irin kan, ó fi orí rẹ̀ kan ara ẹ̀rọ kejì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní kí n gbé etí lé òdìkejì, kí n gbọ́ bí bíárìn tó ṣì dáa ṣe ń dún. Láti ọjọ́ náà, kí ẹ̀rọ tó fi iná pupa hàn ni mo ti máa ń mọ̀ pé ó fẹ́ ṣàìsàn. Kò sí kíláàsì tí wọ́n ti kọ́ mi nírú ẹ̀. Bí ọ̀gá mi ìgbà náà bá ti ṣàánú mi bí ẹ ṣe ṣàánú àwọn mẹ́ta yìí, ilé ni mi ò bá ti sùn sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ tún rò ó dé ọ̀dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ NSE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà, kó sì gba ìforúkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn iṣẹ́ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, á sì jókòó níwájú àwọn àgbà tó máa bi í léèrè nípa rẹ̀. Wọn kì í béèrè ẹni tó kọ ìròyìn àyẹ̀wò. Ohun tí wọ́n máa bi í ni pé: kí lo rí, kí lo pinnu, kí ló dé tó o fi pinnu bẹ́ẹ̀?

Ibi tẹ́ ẹ ti ṣẹ̀ nìyẹn. Ẹ kò bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó bá wọn yan ohun tó rọrùn, ẹni tó bá ṣe ohun tó le ni ilé-iṣẹ́ sì ń san èrè fún.

* * *

Àwọn mẹ́ta nínú àwọn tó ń dáhùn lójú ìwé yìí ló ti dá sí ọ̀rọ̀ òfin báyìí. Wọ́n ní Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ló ka iṣẹ́ òru léèwọ̀ fún obìnrin, pé ọ̀gá wa kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀. Abala 55 sọ pé kí wọ́n má gba obìnrin síṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹrù jáde tàbí lóko ọ̀gbìn. Abala 56 tún wà, èyí tó ní kí wọ́n má gbà wọ́n sí iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ níbi ìwakùsà. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Abala 55 yọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì yọ obìnrin tó wà nípò ìdarí tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ gangan. Ṣé ẹnjiníà tó ń darí ṣíìfù wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀? Ní tèmi, ó wà níbẹ̀. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ yín ló lè fọwọ́ sí i lórí ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kó fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó jẹ mí lógún jù. Ẹ jẹ́ ká gbà pé òfin dí wọn lọ́wọ́. Ṣé ilé-iṣẹ́ wá lè sọ pé, nítorí tí òfin ò jẹ́ kó o ṣiṣẹ́ òru, a máa yọ máàkì lára rẹ pé o ò ṣiṣẹ́ òru? Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fàyè gba kí wọ́n fìyà jẹ èèyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Bí òru bá ti di èèwọ̀ fún ẹnì kan, ẹ yọ òru kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ fi ń wọn ọ́n, kẹ́ ẹ sì wá iṣẹ́ ọ̀sán tó le bákan náà fún un. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ di òfin mú lọ́wọ́ kan, wọ́n di fọ́ọ̀mù ìgbéga mú lọ́wọ́ kejì, ọrùn obìnrin ló sì há sáàárín.

* * *

"Àwọn obìnrin fúnra wọn ni kò fẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù lójú ìwé yìí. Ta ló bi wọ́n? Bí ẹ bá bi obìnrin pé ṣé ó fẹ́ wá síṣẹ́ lóru, tí kò sí ọkọ̀ tó máa gbé e, tí ẹnu géètì jẹ́ òkùnkùn, tí kò sí yàrá tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ra sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á ní rárá. Bí ẹ bá bi ọkùnrin tó lọ́gbọ́n lórí lọ́nà kan náà, òun náà á ní rárá, àfi bí kò bá rí ibòmíì lọ. Olè kì í béèrè bóyá akọ ni èèyàn tàbí abo lọ́nà Ṣágámù. Ẹ wá ọkọ̀ fún gbogbo ṣíìfù òru, kẹ́ ẹ tó wá bi wọ́n léèrè.

Àwọn kan á ṣì kọ̀ ọ́, bí àwọn ọkùnrin kan náà ṣe ń kọ̀ ọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ bi, kẹ́ ẹ má fi ìdáhùn ẹnì kan dí ẹni tó kù lọ́nà.

* * *

Arábìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà béèrè nípa bàtà iṣẹ́, ẹnì kan sì dáhùn pé bàtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ ká máa jíròrò. Mo fẹ́ dúró lórí bàtà díẹ̀.

Bàtà onírin lẹ́nu tí púpọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ wa ń kó wọlé bẹ̀rẹ̀ láti sáìsì 41. Obìnrin tó ń wọ 37 á ki ìbọ̀sẹ̀ méjì tàbí aṣọ àkísà sí iwájú rẹ̀. Ẹ wá ní kó fi gun àkàbà irin tó ní òróró lára. Ibi tó yẹ kí irin ti bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, òfìfo ló wà níbẹ̀, irin á wá máa tẹ̀ ẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ká. Ìbọ̀wọ́ náà rí bẹ́ẹ̀: ó tóbi débi pé kò lè fi mú nọ́ọ̀tì kékeré, á bọ́ ọ, á fi ọwọ́ lásán ṣe é, wọ́n á sì kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un pé kò bọ̀wọ́. Aṣọ iṣẹ́ tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Kó tó lè tọ̀, gbogbo aṣọ ló gbọ́dọ̀ bọ́ láti ọrùn. Ilé ìtọ̀ obìnrin sì wà ní ọ́fíìsì lọ́hùn-ún, ẹ̀ṣọ́ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà ti lọ jẹun. Mo mọ obìnrin tí kì í mu omi láti àárọ̀ nítorí èyí, nínú ilé tí bọ́ìlà ń jó. Nígbà tó wá dá kú lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní iṣẹ́ yìí ti le jù fún obìnrin.

Owó tó máa ra bàtà sáìsì 37 mẹ́ta kò tó owó bíárìn kan. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìrajà nìkan ni kò tíì wọ bàtà tó tóbi jù fún un gun àkàbà.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni tó ní òun ti gbé Amẹ́ríkà rí sọ pé níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni wọ́n máa wò, pé tá a bá fi ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo sílẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á gòkè.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ láti ibẹ̀ gan-an. Nancy Hopkins, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ní yunifásítì MIT, béèrè ààyè sí i fún ẹja tó fi ń ṣe ìwádìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọn ò fún un.  Téèpù ló mú, ó ń lọ wọn yàrá ìwádìí lálẹ́, ó sì rí i pé ààyè tòun kéré sí ti àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn obìnrin yòókù kóra jọ lọ́dún 1994, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin tí iṣẹ́ wọn ti fìdí múlẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ jẹ́ 15 péré, àwọn ọkùnrin sì súnmọ́ 200. Wọ́n yẹ owó oṣù, ààyè àti ipò ìgbìmọ̀ wò. Lọ́dún 1999, MIT tẹ ìròyìn náà jáde, ààrẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà nígbà yẹn, Charles Vest, sì gbà ní gbangba pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ kì í ṣe òpè. Wọ́n mọ iṣẹ́ dunjú, síbẹ̀ wọ́n rẹ́ wọn jẹ, kò sì sí ẹni tó rí i títí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀gá mi tẹ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ ìbàjẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ẹ ṣí i. Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n pe ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá lọ́dún tó kọjá, ẹ kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ síwájú pẹ̀lú HR, ẹ wo ohun tó máa jáde.

* * *

Arábìnrin kan kọ ọ́ pé ọ̀gá obìnrin lòun ní, òun náà ló sì burú jù, nítorí náà kí a yé dá àwọn ọkùnrin lẹ́bi.

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Mo gbà ọ́ gbọ́. Lọ́dún 2012, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi ìwé ìwáṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì 127 ní oríṣiríṣi yunifásítì. Orúkọ John ló wà lórí àwọn kan, Jennifer lórí èyí tó kù, gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà sì bára mu. Owó tí wọ́n ní àwọn lè san fún John jẹ́ nǹkan bí 30,238 dọ́là lọ́dún, ti Jennifer jẹ́ 26,508. Àwọn olùkọ́ obìnrin ṣe é bí àwọn ọkùnrin ṣe ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá ọkùnrin jà. Ohun tí gbogbo wa gbà wọlé láti kékeré ni, kì í jáde lára èèyàn nítorí pé òun náà jẹ́ obìnrin. Ohun tó lè dá a dúró ni kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń wò sílẹ̀ kí wọ́n tó rí orúkọ ẹnikẹ́ni, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Ní ti pé obìnrin tó wà lókè kò tó, òótọ́ ni. Lọ́dún 1958 ni wọ́n dá NSE sílẹ̀. Lọ́dún 1983 ni obìnrin mẹ́fà dá APWEN, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà obìnrin, sílẹ̀, tí Joana Maduka sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó di 2024 kí obìnrin, Margaret Oguntala, tó jókòó sórí àga ààrẹ NSE. Ẹ wo iye ọdún tó wà láàárín. Mo yọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi joyè.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìbímọ. Mo mọ̀ pé ó máa dé.

"A fún un ní iṣẹ́ ńlá, ó lóyún, ó lọ." Òfin wa fún un ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù ó kéré tán bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá padà, ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Èyí ni ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà sísàlẹ̀ rẹ̀. Ìjọba Èkó ti fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà láti 2014, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún àwọn bàbá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2022. Mo fẹ́ràn apá ti bàbá yìí gan-an. Bí ọkùnrin náà bá ń gba ìsinmi, ẹni tó ń gbani síṣẹ́ kò ní lè máa wo ikùn obìnrin nìkan mọ́.

Ṣùgbọ́n ìsinmi kọ́ ló ń pa wọ́n lára jù. Ọjọ́ tó bá padà ni. Iṣẹ́ tó ń darí kí ó tó lọ ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n ní "máa sinmi ná, ọmọ rẹ ṣì kéré." Wọ́n fi í síbi àkójọ ìwé. Ọdún méjì kọjá, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó lọ: ta ló máa di iṣẹ́ náà mú, ọjọ́ wo ni á dá a padà fún un. Kí ẹni tó ń dì í mú náà fọwọ́ sí i.

* * *

Èyí kúrú. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, ẹ yé wo obìnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ pé kó kọ ohun tí a ń sọ sílẹ̀. Ẹ yé rán an kó lọ bèèrè bóyá oúnjẹ ti dé. Ẹni tó ń kọ̀wé kì í ráyè sọ̀rọ̀. Ẹ pín in yípo, lóṣooṣù, tọkùnrin tobìnrin.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun kì í rán obìnrin lọ sáìtì pẹ̀lú ọkùnrin nítorí òun ò fẹ́ ẹ̀sùn ìfipá-báni-lòpọ̀ tàbí ìfọwọ́-kan-ni lọ́nà àìtọ́. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n lè ṣe ní jàǹbá ni ẹ fi sílé, ẹni tó lè ṣe é ń lọ káàkiri. Bí ẹ bá mọ ọkùnrin kan tí ẹ kò lè fi obìnrin tì, òun ni kẹ́ ẹ yọ kúrò lórí iṣẹ́ náà. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn nọ́ńbà 190 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lórí ìwà ipá àti ìfìtínà níbi iṣẹ́ lọ́dún 2022, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, sì ní àṣẹ láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

* * *

Ọ̀gá wa ti padà wá. Wọ́n ní àwọn ka ìwé ìbàjẹ́ ẹ̀rọ náà, pé nínú gbogbo ìpè òru àti ti Sọ́ńdè lọ́dún tó kọjá, kò sí orúkọ obìnrin kan ṣoṣo. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ máa pa àwọn ẹ̀rọ lóṣù Kejìlá, pé HR ti pe àwọn fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àti pé ṣé kí àwọn lọ bẹ obìnrin náà kó fa ìwé rẹ̀ padà ná.

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó fa ìwé padà. Ipò yín ga ju tirẹ̀ lọ, bẹ̀bẹ̀ yín á dún létí rẹ̀ bí àṣẹ, HR náà á sì kà á sí ìhalẹ̀. Ẹ gbé ohun tẹ́ ẹ kà lọ síwájú wọn bó ṣe rí. Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ pín iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé obìnrin náà kọ́ ló ní òun ò ṣe iṣẹ́ òru. Gbólóhùn yẹn ló máa ràn án lọ́wọ́ jù, nítorí ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti rò pé kò fẹ́ ṣe wàhálà ni. Kí ẹ béèrè pé kí wọ́n tún ìgbéga tirẹ̀ yẹ̀ wò láìfi ìpè òru kún un. Àwọn méjì tó gòkè kò ṣẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè fún ọkọ̀ ṣíìfù àti bàtà, lórí ìwé kan náà, kí lọ́yà sì dáhùn lórí abala 55. Ẹ lẹ àwọn iṣẹ́ ńlá tó ń bọ̀ mọ́ ara ògiri, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ ní ẹ máa pa àwọn ẹ̀rọ lóṣù Kejìlá. Ọ̀sán ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ yẹn, kò sí òfin tó dí i. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ darí ẹgbẹ́ tó máa tú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún un ní tẹkiníṣíànì tó gbó jù lọ́wọ́ yín, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìròyìn tó máa lọ sókè.